Ẹjọ́ Sìlíńdà Kẹta

Sátidé kan nínú oṣù kejì, n kò tí ì fọnu tán tí fóònù mi fi dún. Alájì ni. "Ṣé ilé lo wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. "Mú mítà rẹ dání. Mú áyọ́ọ̀nù àti lẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú. Mò ń retí rẹ." Ó gé e. Bí Alájì ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù nìyẹn, àfi bíi pé wọ́n ń yọ owó lápò rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Iṣẹ́ mi kò kan bàálù. Ampílífáyà àti ìnfátà ni mò ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ojú ọ̀nà Táíwò. Bí ẹ bá ti lọ síbi ìyàwó kan ní Ìlọrin rí, tí gbohùngbohùn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í han bí Àfáà ṣe fẹ́ ṣe wáàsí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni wọ́n gbé e wá bá lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Alájì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àtúnṣe bàálù, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kò wù ú. Àwọn ń sin adìẹ, àwọn ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù háyà. Òun, bàálù ló ń kàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdòfìàn, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́fà. Ìjókòó kan ṣoṣo, pákó àti aṣọ, nínú ilé páànù gbọọrọ kan tó fara jọ ilé adìẹ, tí àlejò fi máa ń rò pé òun náà kúkú ń sin adìẹ ni.

Ẹ́ńjìnì Ìjàpá ló wà nínú rẹ̀. Mi ò ṣàwàdà. Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní Èkó lọ́dún 1975. Ẹ́ńjìnì yẹn fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀ tó lè jò, sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dùbúlẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, bíi ti ẹ́ńjìnì àwọn bàálù kéékèèké gan-an. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kàn bàálù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń lò ó. Ẹ má ṣì í mú fún Air Beetle, bàálù tí àwọn ológun òfurufú wa ti fi kọ́ awakọ̀ rí o, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná. Orúkọ nìkan ló pa ìyẹn àti Ìjàpá pọ̀. Ẹ́ńjìnì Lycoming ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ara RV-6A ni wọ́n ti yọ Air Beetle, RV-6A sì nìyí, bàálù tí èèyàn lè ra ẹ̀yà rẹ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà náà kó máa tò ó fúnra rẹ̀ nílé. Gbogbo ẹni tó bá fi ojú wèrè wo Alájì ló máa ń rọ ìtàn yìí sí létí. Èmi náà ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún.

Bàálù yìí kò tí ì fò. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má lọ pe NCAA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, lé wa lórí. Títí ìwé àṣẹ yóò fi jáde, orí ilẹ̀ ló wà, okùn sì ni a fi ń so ìdí rẹ̀ mọ́ igi mángòrò nígbàkígbà tí a bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnì.

Nígbà tí mo débẹ̀, Bàbá Mẹ́káníìkì ti fi sípánà kọ́ apá. Bàbá yìí ti ń tú Ìjàpá palẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. "Onírédíò, o káàbọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ kọ́ lèyí. Nọ́ńbà mẹ́ta ni. Mo ti sọ fún Alájì tipẹ́, nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń pa Ìjàpá."

Ọ̀rọ̀ Bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà lásán. Nínú Ìjàpá àtijọ́, kúlà tó ń tu ọ́ìlì dúró nínú àpótí fáànù, ní ojú ọ̀nà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń lọ bá sìlíńdà kẹta. Afẹ́fẹ́ tó bá máa fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti dín, ó sì ti gbóná. Ẹni tó bá ti tún Ìjàpá ṣe fún ọdún pípẹ́ á ti rí fáàfù tó jó níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Géèjì tí Alájì fi ń wo ìgbóná orí sìlíńdà sì gbè é lẹ́yìn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́, sìlíńdà kìíní wà ní dígírì 161, ìkejì 166, ìkẹrin 159. Ìkẹta: 208. Alájì ti bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé èyíkéyìí tó bá kọjá 200 lórí ilẹ̀, òun á pa ẹ́ńjìnì. Ó pa á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pa á lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun kan wà tí Bàbá sọ tí kò kà sí. Kí n tó dé, ó ti ki ọwọ́ bọ omi, ó sì ti wọ́n ọn sí orí sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí obìnrin ṣe máa ń dán epo àkàrà wò. "Ó dún bákan náà," ló wí, "ṣùgbọ́n kí ni etí tèmi já mọ́ níwájú ẹ̀rọ òyìnbó?" Ó sì kọjú sí bóòtù tó fẹ́ tú.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Bí wọ́n bá gbé ampílífáyà wá bá mi tí wọ́n ní ó ti jó, wáyà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, torí wáyà ló máa ń gbé ìròyìn òfo jù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Géèjì yìí nìkan ló wá rojọ́ mọ́ sìlíńdà kẹta, kò sì sẹ́ni tó bi í pé níbo ló ti gbọ́ ọ.

Mo ní kí a pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ fúnra wọn ná. Òrùka kékeré kan ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún, ó ń jókòó sábẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì bíi wáṣà, wáyà méjì sì tẹ̀ lé e. A tú pọ́lọ́ọ̀gì kìíní àti ìkẹta, a gbé òrùka ìkẹta sábẹ́ ìkíní, a gbé ti ìkíní lọ sábẹ́ ìkẹta, a tan ẹ́ńjìnì. Ojú kẹta lórí géèjì tún lọ sókè, 205, bẹ́ẹ̀ sìlíńdà kìíní ni òrùka rẹ̀ wà báyìí! Bàbá wo ẹ́ńjìnì, ó wo géèjì, ó rọra gbé sípánà sílẹ̀.

Bóyá òrùka ló níṣòro, bóyá ihò tó wọ̀ lẹ́yìn géèjì ni. Mo ní kí a pààrọ̀ wáyà nídìí géèjì. Ibẹ̀ ni mo ti fi ara mi ṣẹ̀sín. Mo rí wáyà pupa, mo so ó mọ́ pọ́sítíìfù, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń gbóná, nọ́ńbà ń wálẹ̀: 30, 24, 11, ó kọjá òdo. Alájì rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú àwọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò fún wáyà thermocouple, irú sẹ́ńsọ̀ tí òrùka wa yìí jẹ́, pupa ni négétíìfù. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tòun náà máa ń kó sí i lọ́dọọdún. Nígbà tí mo yí i padà, ọ̀ràn dá: ibi tí òrùka yẹn bá ti wọ̀ ni nọ́ńbà ti ń fò sókè. Sìlíńdà kẹta kò mọ ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n Alájì kì í gba ìdáhùn ààbọ̀. "Kí ló ṣe òrùka náà? Tó bá ti bàjẹ́, kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń bára mu láàárọ̀?" Òótọ́ ni. Kí a tó tan ẹ́ńjìnì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń sọ 32, ìyẹn sì ni ìgbóná inú ilé páànù yẹn. Bíbára-mu àárọ̀ yìí ló jẹ́ kí Alájì fọkàn tán an láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí wọ́n bá mi wá omi yìnyín àti omi híhó. Yìnyín kò le, ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta pure water lẹ́nu géètì la ti ra mẹ́ta tó ti dì gbagidi. Omi híhó ló mú wàhálà wá. Àlájà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń dá màlúù padà. "Ẹ má gbé nǹkan ẹ́ńjìnì bọ inú ìkòkò ọbẹ̀ mi o! Alájì, mo bẹ̀ yín ni o." Ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ti wó ló fún wa níkẹyìn, ó sì ní kí a má dá a padà.

A ki àwọn òrùka náà bọ inú yìnyín tó ń yọ́. Mẹ́ta sọ òdo, tàbí ení lórí òdo. Ìkẹta sọ pé dígírì mẹ́sàn-án ló fi tutù ju òdo lọ. A gbé wọn bọ omi tó ń hó. Ìlọrin ga ju ojú òkun lọ, pápákọ̀ òfurufú wa wà ní nǹkan bíi mítà 343, nítorí náà omi wa kì í dúró dé 100 kó tó hó. Nǹkan bíi 99 ni. Mẹ́ta sọ 99. Ìkẹta sọ 118. Bàbá Mẹ́káníìkì bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìkòkò. "Omi kan náà ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀?" Mo ní omi kan náà ni, Bàbá. Ó tún wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mo sì máa dúró lé e díẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó bá bàjẹ́ máa ń sọ kántankàntan: á sọ 40, á fò sí 300, á dákẹ́. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tí nǹkan bá tutù, á ní ó tutù jù. Tí ó bá gbóná, á ní ó gbóná jù. Tí ó bá wà bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe wà, á sọ òótọ́. Aláṣejù ni, kì í ṣe òpùrọ́. Aláṣejù sì ní ìwọ̀n tó fi ń ṣe àṣejù rẹ̀, béèyàn bá lè mọ ìwọ̀n náà.

Wáyà méjì péré ni thermocouple, irin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a lẹ orí wọn pọ̀. Bí orí bá gbóná ju ìdí lọ, iná bíńtín á yọ nídìí. Thomas Seebeck ló kíyè sí i ní Berlin lọ́dún 1821. Irú tí wọ́n ń pè ní J, irin gidi wà lápá kan rẹ̀, constantan, àdàlù kọ́pà àti níkẹ́ẹ̀lì, lápá kejì. Bí a bá pín fóòtì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bíi 52 nínú rẹ̀ ló ń mú wá fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Irú K, àdàlù níkẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n ń pè ní chromel àti alumel, 41 ló ń mú wá. Géèjì kò rí iná lórí ẹ́ńjìnì. Fóòtì kékeré yẹn ló rí, ó pín in gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́ ọ, ó sì fi ìgbóná ìdí ara rẹ̀ kún un. Géèjì Alájì, K nìkan ló gbọ́. Tí ẹ bá fi J sọ̀rọ̀ sí i, bí ẹni tó ń ka owó dọ́là bíi náírà ni, àfi pé ìyàtọ̀ ibí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kéèyàn tètè fura.

Mo bi Alájì bóyá òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ dé. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní rárá. Ọ̀kan já nínú ẹrù, ọmọ òun tó wà ní London ló ra òmíràn ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sí ara ọ̀rá rẹ̀ kò ju pé ti orí sìlíńdà ni, mílímítà 14. Fún ẹ̀mí ìmọ́tótó tó wà lára Alájì, ó ti fi rọ́bà dúdú bo wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè délẹ̀, wọ́n sì dà bí ìbejì oníbejì. Mo fi bíléèdì la rọ́bà náà níwọ̀n ìka kan. Mẹ́ta: yẹ́lò àti pupa. Ìkẹta: funfun àti pupa.

Yẹ́lò ni K, funfun ni J. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ń jiyàn, òòfà wà nínú àpò mi, èyí tí mo yọ lára sípíkà tó ti ya. Mo gbé e sún mọ́ wáyà funfun tí mo ti bó. Wáyà náà fò mọ́ ọn, tẹ̀. Irin ni. Mo gbé e sún mọ́ wáyà yẹ́lò, kò mira. Bàbá gba òòfà lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó sì ṣe èyí tó kẹ́yìn lójú Àlájà tó wá wo ohun tí a ń fi ìkòkò rẹ̀ ṣe.

Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Tí J bá ń sọ 208 fún géèjì K nínú ilé tó wà ní nǹkan bíi 35, ìgbóná gidi jẹ́ 165. Mo dábàá pé kí a lẹ ìwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ géèjì, kí a kọ iye òtítọ́ sí i títí tí òrùka tuntun fi máa dé. Alájì wò mí bí ẹni pé mo ní kó fi ọtí ṣàlùwàlá. "Géèjì tí awakọ̀ ní láti ṣe ìṣirò kó tó gbà á gbọ́, géèjì nìyẹn?" Mo pa ìwé mi dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi retí òrùka. Àárín ìgbà yẹn ni ẹjọ́ kejì yọjú, mi ò ní fi gùn yín lẹ́mìí, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi gan-an ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. A yọ òrùka kẹta kúrò, a fi wáṣà rẹ̀ padà, a tan ẹ́ńjìnì láti wo ọ́ìlì. Ilẹ̀ ń ṣú, Alájì tan iná iwájú. Kíá, ìgbóná ọ́ìlì fò láti 82 sí 94, agbára tí a fi ń tì í kiri inú ẹ́ńjìnì (pressure) sì bọ́ láti 3.1 sí 2.6. Ọ́ìlì ń gbóná, agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀! Kò sí ìròyìn tó lè já àyà awakọ̀ jùyẹn lọ. Alájì pa ẹ́ńjìnì, ó na ọwọ́ pa iná. Mo ní kó tún tan ẹ́ńjìnì, kó sì tún un ṣe: kó tan iná, kó pa iná, kó má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bí iná bá tàn, ọ́ìlì á gbóná. Bó bá kú, ọ́ìlì á tutù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ́ìlì gidi kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ pàápàá kì í yára tó bẹ́ẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì tirẹ̀ kì í ṣe thermocouple. Wáyà kan ló ní, ara ẹ́ńjìnì ló sì fi ń ṣe ìkejì, ohun tí àwọn rìwáyà ń pè ní bọ́dì. Ẹ́ńjìnì yìí sì jókòó lórí rọ́bà, wáyà bọ́dì kan ṣoṣo ló so ó mọ́ négétíìfù bàálù. Mo fi ojú mítà kan kan ara ẹ́ńjìnì, mo fi ìkejì kan négétíìfù lẹ́yìn géèjì. Iná kú: 0.02. Iná tàn: 0.18 fóòtì. Gílóòbù yẹn ń fa nǹkan bí áńpíà mẹ́rin àtààbọ̀, ojú wáyà bọ́dì náà ló sì ń gbà padà sí ọ́tánétọ̀. Géèjì rò pé ọ̀dọ̀ ọ́ìlì ni fóòtì ti yí padà. A tú tẹ́mínà. Ọ̀dà ni! Ọ̀dà ewé tó dán, tí Alájì fún ní ọwọ́ mẹ́ta, wà láàárín tẹ́mínà àti irin. Sáńpépà, wáyà tó nípọn, wáṣà oníheyín: 0.01. Alájì kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òun fúnra rẹ̀ ló kun ún.

Òrùka K dé nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mélòó kan. Wáyà rẹ̀ kúrú, kò dé géèjì. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo fa wáyà kọ́pà lásán jáde, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó lẹ́ẹ̀dì. Alájì di ọwọ́ mi mú. "Níbo lo fẹ́ jó o mọ́ ọn?" Mo fi ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì hàn án. Ó ní tí ibẹ̀ bá gbóná dé 80, tí ẹ̀yìn géèjì sì wà ní 35, dígírì 45 ni kọ́pà mi máa gbé mì. Sìlíńdà tó wà ní 165 á máa pe ara rẹ̀ ní 120. Wáyà K ni wọ́n fi ń mú K gùn. Mo dá kọ́pà padà sápò, ara mi sì tutù. J tó sọ àsọjù kó wa láyà jẹ, ó sì jẹ́ kí a wá nǹkan. Kọ́pà tèmi á ti fi wá lọ́kàn balẹ̀.

A tan ẹ́ńjìnì lọ́jọ́ Àlàmísì. Bàálù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú kọjá lórí wa, Alájì ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ká ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń ka ojú géèjì fún mi láti kọ sílẹ̀: 162, 166, 165, 160. Ó tan iná iwájú. Ọ́ìlì kò mira. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá.

Nígbà tó pa ẹ́ńjìnì tí abẹ̀bẹ̀ iwájú dúró, Bàbá Mẹ́káníìkì gbé ife omi rẹ̀ wá. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó wọ́n ọn sí orí ìkíní, ó wọ́n ọn sí ìkejì, ó lọ sí òdì kejì, ó wọ́n ọn sí ìkẹta, ó wọ́n ọn sí ìkẹrin. Ṣàà, ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ó wò mí.

"Onírédíò," ló wí, "kọ ìyẹn náà sílẹ̀."